Ìka Tí Kò Kan Ẹ̀rẹ̀kẹ́: Ìrìn-àjò Mi sí Tẹ́ḿpìlì Koryuji

Ọjọ́ Kìíní, Ọjọ́ Àìkú

Ilẹ̀ ti ṣú kí bàlúù wa tó balẹ̀ sí Kansai, pápákọ̀ òfúrufú tí wọ́n kọ́ sórí erékùṣù tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ dá sínú òkun lẹ́bàá Osaka. Àbúrò mi ti ń dúró. Bó ṣe rí mi báyìí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tó ń dán bíi dígí, àwọn èèyàn sì yà fún wa láìsọ nǹkan kan. "Àǹtí mi, ẹ kú ewu ọ̀nà. Bàbá ńkọ́?" Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí mo ti rí i gbẹ̀yìn, láti ìgbà tó ti wá kàwé níbí. Mo dì mọ́ ọn, omi lé ròrò sójú mi.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mo wá ṣe ní Japan, màá ní àbúrò mi ni mo wá wò, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tún wà ńbẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni Bàbá wa ní Ọ̀yọ́. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, oníbàárà wọn kan tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò fún wọn ní kàlẹ́ńdà kan tó ti Japan wá. Ọdún kàlẹ́ńdà náà lọ, òmíràn dé, Bàbá kò yọ ọ́ lára ògiri ìsọ̀ wọn, torí àwòrán kan tó wà nínú rẹ̀: ère igi kan tó jókòó, tó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé orúnkún òsì, tó na ọwọ́ ọ̀tún sókè sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ń ro nǹkan. Bí ọmọṣẹ́ kan bá ń kánjú, Bàbá á ní, "Lọ wo ọwọ́ yẹn. Ẹni tó gbẹ́ ọwọ́ yẹn kò sáré." Kàlẹ́ńdà náà ya títí ó fi di àkísà, a ò mọ orúkọ ère náà, a ò mọ ilé tó wà. Àbúrò mi ló dá a mọ̀ lẹ́yìn tó dé ibí, tó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Miroku ni. Tẹ́ḿpìlì Koryuji ló wà, ní ìlú Kyoto.

Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n rìn jìnnà mọ́. Alẹ́ ọjọ́ tí ilẹ̀ ìrìn-àjò mi máa mọ́, wọ́n fi ìbéèrè mẹ́ta lé mi lọ́wọ́. Igi wo ni? Báwo ni wọ́n ṣe ṣe ẹ̀yìn rẹ̀? Ta ni ń tọ́jú rẹ̀? Mo kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé yìí kí n má baà gbàgbé.

Ọjọ́ Kejì, Ọjọ́ Ajé

Wákàtí mẹ́jọ ni ibí fi ṣáájú Nàìjíríà, ara mi kò tíì gbà. Òjò rọ̀ láti àárọ̀, mo sùn títí di ọ̀sán. Àbúrò mi bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́, ó se ìrẹsì, ó fi ata ilé tí mo gbé wá dín ẹja sí i. A pe Bàbá. "Ẹ ti débẹ̀?" Mo ní ó di ọ̀la.

Ọjọ́ Kẹta, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

A kánjú wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré ní Osaka, ó sì fo ibùdó Omiya tó yẹ ká ti sọ̀, ó gbé wa dé Karasuma. A ní láti wọ òmíràn padà sẹ́yìn. Ní Omiya la ti bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní Randen, aláwọ̀ àlùkò, ẹyọ yàrá kan ṣoṣo, tó ń rọra gba àárín ilé onílé kọjá débi pé mo ń rí aṣọ tí wọ́n sá sí ẹ̀yìnkùlé. Níbòmíràn, ó tilẹ̀ ń bọ́ sójú títì, òun àti mọ́tò á jọ máa lọ.

Ibùdó tí a sọ̀ sí ń jẹ́ Uzumasa-Koryuji. Kò sí pé à ń wá ọ̀nà kiri: bí èèyàn bá ti gbójú sókè, ẹnu géètì ńlá onígi ló dojú kọ, tí ère ẹ̀ṣọ́ méjì dúró sí ọ̀tún àti òsì, ojú wọn le koko.

Kò sí tẹ́ḿpìlì tó dàgbà tó èyí ní Kyoto. Ó dàgbà ju Kyoto fúnra rẹ̀ lọ gẹ́gẹ́ bí olú ìlú, nítorí ọdún 794 ni ọba ilẹ̀ Japan kó wá síbí. Ìwé ìtàn wọn tí wọ́n parí ní ọdún 720 sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 603, Ọmọọba Shotoku kó àwọn ìjòyè jọ, ó ní òun ní ère Búdà kan lọ́wọ́, ta ni yóò gbà á kó máa bọlá fún un? Ọ̀kan nínú wọn, Hata no Kawakatsu, ní òun yóò gbà á. Ó gbé ère náà, ó sì kọ́ ilé fún un.

Nígbà tí àbúrò mi ka èyí fún mi lórí fóònù rẹ̀ lábẹ́ géètì náà, mo ní kó tún un kà. Ìbéèrè Bàbá ni ọmọọba yẹn béèrè. Ta ni yóò tọ́jú rẹ̀?

Ọgbà náà tẹ́jú, ó dákẹ́, ewé igi ti ń pọ́n. Gbọ̀ngàn kan wà lápá ọ̀tún tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1165, igi rẹ̀ ti ṣá, inú rẹ̀ ṣókùnkùn. Wọ́n tì í, àárín igi wínwín la ti yọjú wo Búdà tó jókòó sínú rẹ̀. Iná jó tẹ́ḿpìlì yìí ní ọdún 818, ó tún jó o ní 1150. Ère igi la wí yìí, iná méjì ti kọjá lórí ilé rẹ̀, ó sì wà. Èmi ò lè rò ó lọ́nà mìíràn ju pé àwọn èèyàn kan gbé e sá jáde, àwọn tí a ò mọ orúkọ wọn.

Ilé ìṣúra wà lẹ́yìn, ilé tuntun ni, ọdún 1982 ni wọ́n kọ́ ọ. A sanwó, a wọlé. Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn ya fọ́tò níbẹ̀. Inú ilé náà ṣókùnkùn díẹ̀, ère ńláńlá tò yí ká ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òórùn igi àti tùràrí sì gba ibẹ̀ kan. Miroku wà láàrin, ó dojú kọ pèpéle kan tí wọ́n tẹ́ ẹní koríko sí kí èèyàn lè jókòó wò ó. Mo jókòó.

Ó kéré ju bí mo ṣe rò lọ. Láti orí títí dé ẹsẹ̀ tó kanlẹ̀, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 123 ni. Àyà rẹ̀ ń dán, kò sí ẹ̀wọ̀n ọrùn, kò sí ẹ̀gbà ọwọ́, adé rẹ̀ kò ní ọ̀ṣọ́ kankan, ó kàn rí róbótó lórí bíi fìlà tó bá orí mu. Wúrà ló bò ó nígbà kan rí, ó ti ṣí, igi ló kù, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ti àkàrà tí epo rẹ̀ ti mọ́. Mo tẹ ojú mọ́ ọn títí mo fi rí iṣan igi. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ láti iwájú orí gba ẹ̀gbẹ́ imú, wọ́n sì yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ká bí omi ṣe ń yí òkúta ká nínú odò. Ẹnu rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín tán. Igun ẹnu náà gbé sókè díẹ̀, o ò ní lè sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọwọ́ náà wá ńkọ́? Ọwọ́ ọ̀tún, tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún. Àwọn ìka náà tín-ín-rín, wọ́n tẹ̀ bí ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ ewé, wọ́n sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ kàn án. Wọn ò kàn án. Àyè tó wà láàrin kò ju ohun tí abẹ́rẹ́ lè gbà kọjá lọ lójú tèmi tí mo wà lókèèrè. Inú àyè kékeré yẹn ni gbogbo ìrònú rẹ̀ wà. Ọdún mélòó ni mo fi wo àwòrán orí kàlẹ́ńdà, mo ṣe bí ọwọ́ náà fara ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni.

Nínú ẹ̀sìn Búdà, Miroku ni Búdà tí kò tíì dé. Wọ́n ní ọ̀run kan ló wà báyìí, tó ń ronú bí yóò ṣe gba gbogbo ẹ̀dá là, àti pé 5,670,000,000 ọdún lẹ́yìn ikú Búdà Shaka, ẹni tó dá ẹ̀sìn náà sílẹ̀, ni yóò tó sọ̀ kalẹ̀ sáyé. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, n kò kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan tó jókòó ti mi pa ọwọ́ pọ̀, ó tẹrí ba, ètè rẹ̀ ń mì, èmi náà sì rí i pé mo ti ń rọra mí kí n má baà di í lọ́wọ́.

Nígbà tí mo dìde láti lọ wò ó nítòsí, àbúrò mi gbá mi lápá mú. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sún mọ́ ọn jù." Ó wá sọ ìtàn kan fún mi níta. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1960, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan sún mọ́ ère yìí débi tó fi kàn án, ìka òrùka ọwọ́ ọ̀tún ère náà sì ṣẹ́. Wọ́n ṣa èérún rẹ̀ jọ, àwọn oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe lẹ̀ ẹ́ padà. Mo ní irọ́ ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ọwọ́ yẹn tán. Mo padà wọlé, mo tún wò ó. N kò rí ojú lílẹ̀ kankan.

Lálẹ́, a pe Bàbá. Mo ní, "Bàbá, igi páìnì ni, oríṣi tó pupa yẹn."

"Páìnì? Igi tó kún fún oje? Á máa lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ o." Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Irú igi tí gbogbo wọn ń lò níbẹ̀ náà nìyẹn?"

Ìbéèrè ọ̀mọ̀wé nìyẹn, wọn ò sì mọ̀. Ère igi tí wọ́n gbẹ́ ní Japan láyé ìgbà yẹn, igi káńfọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Èyí tó jẹ́ ti páìnì yìí yàtọ̀. Ní ilẹ̀ Kòríà, páìnì pupa pọ̀. Ní ilé ìṣúra ńlá wọn ní Seoul, ère kan wà tí wọ́n fi bàbà rọ, tó jọ Miroku yìí bí ìbejì, láti orí adé dé ẹsẹ̀. Ìwé ìtàn ọdún 720 yẹn náà sọ pé ní 623, ìjọba Silla ní Kòríà fi ère Búdà kan ránṣẹ́, wọ́n sì gbé e sínú tẹ́ḿpìlì ìdílé Hata. Àwọn kan ní Kòríà ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ wá, àwọn kan ní oníṣẹ́ láti Kòríà ló gbẹ́ ẹ sí Japan. Nígbà tí mo rò fún Bàbá, wọ́n ní, "Ó sọdá omi wá nìyẹn. Igi kì í parọ́ ibi tó ti wá."

Ọjọ́ Kẹrin, Ọjọ́rú

Àbúrò mi ní iṣẹ́, mo dá nìkan padà lọ sí Koryuji. Mo fẹ́ jókòó tì í láìsí pé ẹnikẹ́ni ń dúró dè mí.

Mo dé kí wọ́n tó ṣí ilé ìṣúra. Obìnrin àgbà kan tó wé ìborí funfun lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó ń fi ìka méjì yọ abẹ́rẹ́ ewé páìnì lára ewédò tó bo ilẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń kó wọn sínú agbọ̀n. Ìgbálẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò lò ó, torí ìgbálẹ̀ á hú ewédò náà. Mo kí i ní ìkíni tí àbúrò mi kọ́ mi, ó dìde, ó tẹrí ba fún mi, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo dúró wò ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò gba ilẹ̀ tó ẹní kan.

Lónìí mo wo àwọn ère yòókù. Jagunjagun ọ̀run méjìlá wà níbẹ̀ tí gbẹ́nàgbẹ́nà kan tó ń jẹ́ Chosei gbẹ́ ní ọdún 1064, ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, èmi fẹ́ràn èyí tó dà bíi pé ó gbọ́ ohùn lẹ́yìn rẹ̀. Ère Hata no Kawakatsu àti ti ìyàwó rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Miroku kejì tún wà, ó kéré ju ti àkọ́kọ́, igi káńfọ̀ ni, Miroku Ẹlẹ́kún ni wọ́n ń pè é torí ojú rẹ̀ dà bí ojú ọmọdé tó fẹ́ bú sẹ́kún. Òun náà ń ronú, àmọ́ lójú tèmi, ìrònú tirẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lára.

Ti ẹ̀yìn ère ló wá kù. Kò sí bí mo ṣe lè rí ẹ̀yìn Miroku níbi tó wà, torí náà mo ra ìwé pélébé kan, mo jókòó síta pẹ̀lú fóònù tó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi ní díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gbẹ́ inú ère náà jáde láti ẹ̀yìn, ó dà bí ìlù, wọ́n wá fi pákó kan dí ojú ihò náà. Pákó yẹn kì í ṣe páìnì. Igi mìíràn ni, ó jọ káńfọ̀. Ohun tó fà á tí wọ́n fi ń gbẹ́ inú jáde ni pé igi kì í gbẹ bákan náà: ara á ti gbẹ, ọkàn rẹ̀ á ṣì tutù, ibi tí wọ́n ti ń fa ara wọn ni igi ti ń là. Bí ọkàn kò bá sí ńbẹ̀ mọ́, kò sí ohun tí yóò fa ìjà.

Èyí dùn mọ́ Bàbá ju gbogbo rẹ̀ lọ. Igi ọ̀mọ̀ ni tiwa, tútù ni wọ́n sì ń gbẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá ti dán an tán, kí wọ́n tó fín in, wọ́n á fi aṣọ tútù wé e sínú òjìji kó lè gbẹ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, iṣẹ́ mi ni láti máa wọ́n omi sí aṣọ náà. "Wọ́n gbọ́n," ni Bàbá wí. "Wọ́n gbọ́n o. Ṣé o rí ojú ibi tí wọ́n ti dí i?" Mo ní n kò rí i, ìwé ni mo kà. Wọ́n ní ó dáa bí mo ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Kí n tó padà, mo fẹsẹ̀ rìn dé ojúbọ kan nítòsí tí wọ́n ń pè ní Kaiko no Yashiro, ilé kòkòrò sílíìkì. Ìdílé Hata, tí ìran wọn ti òkè òkun wá, làwọn tó mọ sílíìkì hun ní agbègbè yìí. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé onígi tó wà níbẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́ta dípò méjì, ó dúró sójú omi tó ti gbẹ. Mo ronú kan sányán tí a fi òwú kòkòrò hun nílé, mo rò ó títí mo fi dé inú Randen.

Ọjọ́ Karùn-ún, Ọjọ́bọ̀

Ikaruga, ní agbègbè Nara. Àbúrò mi gbàyè, a jọ lọ. Láti Osaka, ọkọ̀ ojú irin gbé wa dé ibùdó Horyuji, ẹsẹ̀ la fi rin ìyókù, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Otútù mú bí ọyẹ́. Èso kaki pọ́n rẹ́súrẹ́sú lórí igi lẹ́yìn ilé àwọn èèyàn, àwọ̀ rẹ̀ bí àgbálùmọ̀ tó pọ́n dáadáa. Obìnrin kan tó to tirẹ̀ síwájú ilé gé ọ̀kan fún wa tọ́ wò. Ó dùn bí oyin, kò kan rárá.

Ọmọọba Shotoku kan náà ló dá tẹ́ḿpìlì Horyuji sílẹ̀, ní ọdún 607. Ó jóná ní 670, wọ́n tún un kọ́, àtúnkọ́ yẹn náà ti dàgbà débi pé kò sí ilé onígi tó dàgbà jù ú lọ láyé tó ṣì dúró. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan nínú àwọn òpó àbáwọlé níbi tí gbogbo èèyàn ti ń fọwọ́ kàn án. Igi hinoki ni, àárín rẹ̀ wú díẹ̀, ara rẹ̀ jọ awọ àgbà, ihò ìṣó àtijọ́ wà lára rẹ̀ tí wọ́n fi igi kékeré dí, èyí tí wọ́n fi dí i náà ti di àgbà. Ilé gogoro alájà márùn-ún wà nínú ọgbà náà. Àwọn ọ̀mọ̀wé ka òrùka ọdún inú òpó àárín rẹ̀, wọ́n rí i pé 594 ni wọ́n gé igi náà.

Gbọ̀ngàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló mú mi dúró. Àwòrán ló kún ara ògiri inú rẹ̀, tó ti wà fún ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 1949, iná ṣẹ́ yọ nínú rẹ̀, lásìkò tí àwọn ayàwòrán wà lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀dà yíyà kí wọ́n lè pa àwòrán náà mọ́. Àwọn àwòrán náà jó gbẹ. Ìbànújẹ́ yẹn ló lé ìjọba dìde, wọ́n ṣe òfin ìdáàbòbò ohun ìní àṣà ní 1950, ní 1951 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yan ohun ìṣúra orílẹ̀-èdè lábẹ́ òfin náà, Miroku ti Koryuji sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ yàn. Títí di òní, ní gbogbo 26 oṣù kìíní, wọ́n ń ṣe ìfidánrawò iná pípa ní àwọn tẹ́ḿpìlì káàkiri Japan.

Mo gbọ́dọ̀ kọ èyí sílẹ̀ níbí. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, Bàbá gbẹ́ òpó mẹ́ta fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ńlá kan ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ. Oṣù méje ni wọ́n fi ṣe é. Obìnrin tó kúnlẹ̀ ló wà ní ìdí ọ̀kan, tó gbé igbá dání, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n wó ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà kí wọ́n lè fi kọnkéré kọ́ ọ. Nígbà tí ìròyìn kan Bàbá, tí wọ́n fi háyà mọ́tò débẹ̀, méjì ti lọ sínú iná. Wọ́n ti la ìkẹta, wọ́n ń fi dá iná ọbẹ̀ àwọn bíríkìlà. Bàbá kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé orí obìnrin náà, etí kan ti jóná lára rẹ̀, wọ́n fi aṣọ wọn wé e. Ó wà ní ìsọ̀ di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Inú ń bí mi síbẹ̀. Bí mo ṣe dúró níwájú gbọ̀ngàn yẹn, mo rí i pé tiwọn náà jó, àmọ́ wọn kò jẹ́ kó tán síbẹ̀. Àbúrò mi rí ojú mi, ó ní, "Òpó yẹn lẹ ń rò, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nínú ọgbà ìlà-oòrùn ni Yumedono wà, ilé onígun mẹ́jọ tí wọ́n kọ́ ní 739. Ère tó wà nínú rẹ̀, Guze Kannon, kì í jáde sójú èèyàn àfi ìgbà méjì lọ́dún, ní ìgbà ìrúwé àti láti 22 oṣù kẹwàá sí 22 oṣù kọkànlá. Ìdí rèé tí mo fi mú oṣù yìí wá. Fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan, aṣọ ni wọ́n fi wé e pátápátá, àwọn àlùfáà gan-an kò rí i. Ní 1884, ọ̀mọ̀wé ará Japan kan, Okakura Tenshin, àti ará Amẹ́ríkà kan, Ernest Fenollosa, gba àṣẹ ìjọba láti tú u. Àwọn àlùfáà ń bẹ̀rù pé ilẹ̀ á mì bí wọ́n bá ṣí i. Aṣọ náà gùn lọ gbọọrọ kí wọ́n tó kan ère. Torí pé ó wà lábẹ́ aṣọ látọjọ́ yìí, wúrà ara rẹ̀ ṣì ń kọ mànà. A yọjú wò ó láàrin wáyà, inú òkùnkùn, ó ga tó èèyàn, ojú rẹ̀ le. Àbúrò mi ní òun lòun fẹ́ràn jù. Èmi kọ́. Mo mọ̀ pé aṣọ yẹn ló gbà á là, síbẹ̀ mo yan èyí tó ti pàdánù wúrà rẹ̀ níbi tí àwọn èèyàn ti ń rí i.

Ọ̀nà kékeré kan ló wà láàrin Yumedono àti Chuguji, tẹ́ḿpìlì àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn. Ilé tuntun ni gbọ̀ngàn rẹ̀, ti ọdún 1968, ó dúró sáàrin omi. A bọ́ bàtà, a jókòó sórí ẹní. Ère tó wà níwájú wa ń ronú bíi ti Koryuji, ẹsẹ̀ lórí orúnkún, ìka lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Káńfọ̀ ni, ẹ̀là igi bíi mélòó kan tí wọ́n so pọ̀, àmọ́ ó dúdú, ó ń dán bíi kóró iṣin. Wọ́n kun ún ní ọ̀dà nígbà kan rí, ọ̀dà ti lọ, oje dúdú tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló kù. Irun rẹ̀ wà ní ìdì méjì lókè orí bíi ti ọmọdébìnrin. Ìka tirẹ̀ náà kò kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Afẹ́fẹ́ fẹ́ wọlé láti orí omi, a jókòó títí wọ́n fi fẹ́ tìlẹ̀kùn, àbúrò mi tí kì í lè jókòó jẹ́ẹ́ kò sì sọ̀rọ̀ rárá.

Ọjọ́ Kẹfà, Ọjọ́ Ẹtì

Osaka. A lọ ra ẹ̀bùn. Nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ilé, mo rí ègé igi káńfọ̀ tí wọ́n ń tà fún títì bọ àárín aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Kò tó ọṣẹ ìfọṣọ kan. Mo gbé e símú, òórùn àpótí aṣọ òkè ìyá wa ló gbà mí. Mo ra ọ̀kan.

Ọ̀yọ́, Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan

Mo bá Bàbá ní ìsọ̀, wọ́n jókòó sórí àpótí wọn, ẹsẹ̀ nínà. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Mo ti sọ ìdáhùn méjì fún wọn lórí fóònù, ó ku ẹ̀kẹta. Mo rò fún wọn nípa ọmọọba àti Hata, nípa àwọn tó gbé ère sá fún iná, nípa òfin 1950, nípa àwọn tó lẹ ìka. Wọ́n ń gbọ́ ọ, wọ́n ń mi orí. Nígbà tí mo dé orí obìnrin tó ń fi ìka méjì ṣa ewé, wọ́n ní kí n dúró, kí n tún un sọ, wọ́n sì bi mí bí ó ṣe dàgbà tó.

Mo fún wọn ní igi náà. Wọ́n gbé e símú, wọ́n pajú dé. "Ìyá yín." Wọ́n fi èékánná ha etí rẹ̀, wọ́n gbé e sójú oòrùn, wọ́n yí i wo ibi tí iṣan rẹ̀ gbà. Lẹ́yìn náà wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n fa orí obìnrin yẹn jáde láti abẹ́ tábìlì, wọ́n tú aṣọ ara rẹ̀, wọ́n gbé ègé káńfọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó jóná.

"Ó tó etí kan," ni Bàbá wí. "Bá mi wá ọ̀bẹ mi."